Orúkọ Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Èèpo Àgbọn

Òjé tó bá ń yọ́ nínú agolo lórí iná èédú máa ń ní òórùn kan tó máa ń dúró sí ọ̀nà ọ̀fun, bí ìgbà tí èèyàn bá fi irin sẹ́nu. Bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn lónìí, ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo gbé ní Ìwòrò ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́ èéfín sí mi lójú, tí òkìtì èèpo àgbọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tèmi níbẹ̀. Èmi ni mo jí orúkọ ọkùnrin kan tí a jọ gbé ilé yẹn. Kò sẹ́ni tó tì mí sí i. Mo mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ, mo mọ ẹni tó ń fi pè é, mo mọ ìdí tí onítọ̀hún fi ń pè é, síbẹ̀ mo mú un, mo tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà, mo sì ń tà á fáwọn èèyàn.

Ìyá àgbà Ègùn kan ló ni ilé náà. Epo àgbọn ni ìyá yìí ń ṣe tà, òkìtì èèpo tó sì ń kù lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ń fi wọ́n ṣe ju kó fi dáná lọ. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ nígbà tí ìwé já lulẹ̀ fún mi ní kíláàsì kẹta girama, ojú mi kì í sì í kúrò lára àwọn èèpo yẹn, torí bí o bá fi sáńpépà ha ọ̀kan dáadáa, á máa dán bí igi olówó ńlá. Bẹ́ńṣì mi wà lábẹ́ ihò fèrèsé yàrá mi. Yàrá tó tẹ̀ lé tèmi ni ti ọkùnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì. Pákó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi dá àárín wa. Bó bá wúkọ́, ó dà bíi pé èmi ni mo wúkọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì. Ibi iṣẹ́ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ló ń lọ lójoojúmọ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ àwọn èèyàn sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Méjì lọ, ọ̀gá kò gba ẹlòmíì, ó kó iṣẹ́ àwọn méjèèjì lé e lórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, á sì padà dé bí ẹni tí wọ́n fún omi ara rẹ̀ gbẹ. Ọjọ́ Sátidé gan-an, á gbé fáìlì wálé. Òun kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ti mú sáńpépà lọ́wọ́, á gbá ògiri.

"Káfíńtà! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ lọ kọ́ ilé tiyín, Bùrọ̀dá. Ibi tẹ́nikẹ́ni kò ti ní mí sí yín létí."

Báyìí la ṣe ń gbé. Bí mo bá sá aṣọ síbi tí òun ń sá a sí, á ká a kúrò, á jù ú sórí òkìtì àgbọn. Bó bá gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà, èmi á gbálẹ̀ kí n sì gbá ìyẹ̀pẹ̀ gbogbo sínú rẹ̀. Ìyá onílé nìkan ló ń bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ láìsí ìjà. Láàárọ̀, á kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, á kí wa lédè rẹ̀, "A fọ́n gánjí a?", ìyẹn ni pé ṣé a jí dáadáa, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àyàfi bí o bá dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí ìyá onílé tó dé rárá, fóònù Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì á ti dún. Kì í gbé e bọ̀rọ̀. Bó bá sì gbé e, á tẹ̀ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta, mo rò pé kò lágbára àtigbé e sétí ni. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ọ̀yọ́.

"Àkànní, dìde."

Màmá á tún pè é.

"Àkànní ọmọ mi, dìde o. Ẹsẹ̀ kan ná. Ó ti kan ilẹ̀?"

"Ó ti kan ilẹ̀, Màmá."

"Ìkejì ńkọ́?"

Nígbà náà ni mo máa ń gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yóò dún kííín, òun náà á mí kanlẹ̀, á sì dìde. Gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá ni. Èmi á fi ìrọ̀rí bo ẹnu lódìkejì ògiri, mò ń rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tí iwájú orí rẹ̀ ti ń pá, ìyá rẹ̀ ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì! Bí ohun tó rí lójú mi nìyẹn. N kò tíì mọ̀ pé àárẹ̀ kan wà tí oorun kì í lé lọ.

Mo ń ṣe nǹkan ìṣeré kan lákòókò náà. Mo gé èèpo àgbọn sí méjì, mo da òjé yíyọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òjé tí mo ṣà lára àwọn àwọ̀n gbígbó táwọn apẹja jù sétí ọ̀sà. Mo lẹ ìlàjì kejì lé e, mo wá fi léféè àwọ̀n, ohun fúyẹ́fúyẹ́ tó máa ń léfòó yẹn, gbẹ́ orí fún un. Èrò mi ni pé bí o bá tì í ṣubú, kó fúnra rẹ̀ dìde. Àkọ́kọ́ kò dìde. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu. Òjé ti gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan nígbà tó ń dì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèpo sínú iyanrìn tútù kó lè dúró ṣánṣán kí n tó da òjé sí i, ìkarùn-ún ló gbọ́ràn. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo tì í, ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó ń mi orí bí ẹni tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo pariwo. Ariwo yẹn ló lé Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì jáde sí mi pẹ̀lú síngílẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ le koko.

"Kí lèyí?"

"Nǹkan ìṣeré."

"Ìṣeré ta ni?"

"Tẹni tó bá rẹ́nu rẹ́rìn-ín."

Ó fi ìka kan tì í, mo mọ̀ pé ó fẹ́ kó já bọ́ lórí bẹ́ńṣì ni. Ó ṣubú, ó dìde, ó ń mi orí sí i. Ó tún tì í. Ó jókòó sórí àpótí mi láìtọrọ àyè, ó ń tì í, ó ń wò ó, títí mo fi gbọ́ nǹkan kan tó jáde látọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀rín ni. Ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń gbé nínú ilé yẹn, n kò rí eyín ọkùnrin yìí rí.

"Èyí á wúlò lórí tábìlì ọ́fíìsì," ó ní. "Bí orí èèyàn bá ti gbóná, á kàn tì í, á wò ó. Àmọ́ ó tóbi jù. Jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò ó, kéèyàn lè tètè fi pamọ́ bí ọ̀gá bá ń bọ̀. Ó sì ń ró kó-kó-kó. Lẹ túúbù kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́. Ó dìde, ó tún yíjú padà.

"Má kọ nǹkan kan sí i lára o. Láti àárọ̀ dalẹ́, kíkà ni mò ń kà, títẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Jẹ́ kí n rí ohun kan ṣoṣo tí kò ní kíkọ."

Mo ṣe gbogbo ohun tó wí. Èyí àkọ́kọ́ tó kéré, tó ní rọ́bà nídìí, òun ni mo fún. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò gbá ògiri. Láàárọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán tí bẹ́ẹ̀dì sì ti dún, n óò gbọ́ ìró kékeré kan, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́. Ó ń tì í. Mo mọ ìró iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ìjà tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò tó nǹkan. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, mò ń fi ayùn gé àgbọn, òun ń gbìyànjú àtisùn. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó fẹ́ gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró níbẹ̀ tó ń wò wá. Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì jáde, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ta agbọ̀n mi nípàá. Nǹkan bíi mẹ́wàá nínú àwọn tí mo ti ṣe tán yí sínú gọ́tà.

"Ọmọ tí kò rójú kàwé," ó ní, "ariwo nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá bá ọ ra ìwé méjì péré sí i, ò bá ti mọ̀ pé èèyàn máa ń sinmi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Bóyá kò ní i lọ́kàn láti fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló gún mi ju ọ̀rọ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, mò ń ṣa àgbọn nínú omi dúdú. Ọkùnrin náà ti wọlé lọ. Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó tì í lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ó mà dáa o! Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Kò ní orúkọ."

"Ta ló ń ra ohun tí kò lórúkọ? Kí ni mo fẹ́ pè é bí ẹnìkan bá bi mí níbi tí mo ti rà á? Fún un lórúkọ tó dùn ún pè, kí o wá kó o wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ti rẹ gbogbo wa níbẹ̀."

Kó tó dé ẹnu géètì lorúkọ ti wà lẹ́nu mi. N kò ronú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, irọ́ ni mo máa pa bí mo bá sọ pé mo ronú.

Mo kun àwọn tó tẹ̀ lé e ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo ya táì búlúù sí wọn lọ́rùn. Mo fi wáyà tínínrín ṣe gíláàsì sójú wọn, bí èyí tí Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì ń lò, mo sì fi iwájú orí wọn sílẹ̀ ní pípá. Mo lọ bá ẹni tó ń tẹ sítíkà ní Àgbádárìgì, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà pupa: DÌDE, ÀKÀNNÍ.

"Ta ni Àkànní?" ẹni yẹn bi mí.

"Kò sẹ́ni kankan. Orúkọ lásán ni."

Ẹnu èmi ọmọ Yorùbá ni ìyẹn ti jáde. Nílé tiwa, ìyá mi nìkan ló ń fi oríkì pè mí, ìgbà tí ibà bá fẹ́ gbé mi lọ ló sì máa ń pè é, á máa pè é sí mi létí jẹ́jẹ́ títí ara mi yóò fi rọlẹ̀. Mo mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún èèyàn. Ní gbogbo Ìwòrò, n kò rí ẹni tó mọ̀ pé Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì ń jẹ́ Àkànní. Kò sí nínú fáìlì ibi iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín òun àti ìyá rẹ̀ ló wà, àti èmi tí mo fara ti ògiri.

Ọjà náà tà, má bi mí léèrè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan nínú ọ́fíìsì wọn. Obìnrin náà wá gba òmíràn, ó ń ròyìn fún mi pé bẹ́nìkan bá ti tì í ṣubú, gbogbo yàrá á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Dìde, Àkànní!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ọ̀gá àwọn pàápàá ti ra ọ̀kan. Mo bi í pé kí ni Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì wí. Ó ní ńṣe ló kàn dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo retí pé yóò wá bá mi jà, mo ti ń to èsì mi sílẹ̀. Kò wá. Nínú ilé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bíi pé òpó ni mí.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí obìnrin náà padà wá, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan, Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, fóònù rẹ̀ ń gba iná lórí tábìlì, ó dún, ó dún. Òun bá a gbé e, ohùn sì ti jáde síta. Obìnrin àgbàlagbà kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Àkànní mi bóyá ó ti jẹun." Ó ní gbogbo yàrá wo àgbọn tó wà níwájú wọn, wọ́n wo gíláàsì àti táì rẹ̀ tó jọ ti Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì, ilé sì wó fún ẹ̀rín. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Dìde, Àkànní! Fáìlì dà?"

Ó ń wo ojú mi kí n lè bá òun rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín náà rín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i nílé nírú àkókò yẹn lọ́jọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ó gbé àgbọn kékeré tí mo fún un, èyí tí kò ní kíkọ, sórí bẹ́ńṣì mi.

"Gba nǹkan rẹ. Níbo lo ti gbọ́ orúkọ yẹn?"

Mo wo ògiri. Òun náà wò ó.

"Gbogbo rẹ̀ lo máa ń gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ti ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì yẹn náà?"

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè mí ní aláìmọ̀wé."

"Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Níṣojú rẹ ni mo ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó wọlé. Láàárọ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ní, "Àkànní, dì..." Ó pa á. Ó tún dún, ó tún pa á. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Kò dún. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá onílé kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó kí i, ó kí i, kò gbọ́ ohùn, ló bá fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀, ó ń wo àjà. Ó ní kò sí ibi tó ń dun òun. Ó ní òun kàn ń wá ohun tí òun máa fi dìde ni.

Ìyá onílé yíjú sí mi. "Ìwọ. Kí lo fi ṣe é?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú fóònù ọkùnrin náà, ó pe Ọ̀yọ́.

Ìyá rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, obìnrin kúkúrú kan tó gbé báàgì sórí, tó ti ẹnu géètì ń wòye. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó jáde, ọ̀dọ̀ mi ló bọ̀ tààrà. Àwọn àgbọn aláṣọ funfun tò sórí bẹ́ńṣì. Ó mú ọ̀kan, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ara ògiri ni mo ti gbọ́ ọ, Màmá."

"Ara ògiri," ó ní. "Ṣé ògiri ló bí i?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbé àgbọn náà sílẹ̀ níwájú mi lórí ilẹ̀, ó rọra tì í, ó dúró wò ó títí ó fi dìde. Kò bú mi. Ó ní, "Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi ẹnu mi gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. O ti gba orúkọ náà lẹ́nu mi." Ó kọjá lórí ẹsẹ̀ mi lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ tó ń jí i. Kò pè é ní Àkànní. Orúkọ tó wà lára káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi pè é, bí ìgbà tí àjèjì bá ń pe èèyàn. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ tó. Ó pẹ́ gan-an kí bẹ́ẹ̀dì náà tó dún. Ìyá onílé fà á lọ́wọ́ kan, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ kejì, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì àgbọn jáde.

Mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo sítíkà tó kù kúrò. Obìnrin ọ́fíìsì náà wá gba ogójì, mo ní n kò ta èyí tó lórúkọ mọ́. Ó bú mi, ó ní orí mi kò pé. Mo ṣì ń ṣe é ṣáá, torí mo ti rí i pé ó ń ṣe àwọn tó ti rẹ̀ lóore. Kékeré, kí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò ó, rọ́bà nídìí rẹ̀, kò sí kíkọ kankan lára rẹ̀, bí ẹni tó mọ àárẹ̀ ju mi lọ ṣe ní kí n ṣe é. Bẹ́nìkan bá bi mí lórúkọ rẹ̀, mo máa ń ní kò ní. Èyí tí Bùrọ̀dá Ọ́fíìsì dá padà fún mi wà lórí bẹ́ńṣì, n kò tà á.

Títí mo fi kó kúrò nílé náà, ìyá onílé kò kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ mọ́. Nọ́ńbà ìyá Ọ̀yọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bi mí pé, "Kí lo fẹ́ sọ fún un?" Bí mo bá bẹ ìyá Ọ̀yọ́, ó lè dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní mú kí ọmọ rẹ̀ tún lè gbọ́ orúkọ yẹn láìgbọ́ ẹ̀rín gbogbo yàrá kan tẹ̀ lé e. Ohun tí mo jẹ ìyá náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbà á, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà síbẹ̀.